Bàbá Karimat Ò Tíì Kú

Aṣọ ilé-ìwé ni Dúródọlá ń rán ní Ọ̀rẹ̀, lẹ́yìn ibùdókọ̀ níbi tí àwọn ọkọ̀ Benin ti ń gbé èrò. Ọjọ́ tó bá dá fún oníbàárà kì í yẹ̀. Ọmọ Ìkálẹ̀ ni, inú ìjọ Aládùúrà ni wọ́n sì bí i sí. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀, Gbádéyan, wà ní ìlú òyìnbó, níbi tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ walẹ̀ níbẹ̀, ó ránṣẹ́ sílé pé kí Dúródọlá ṣe pásípọ́ọ̀tù tirẹ̀ àti ti àwọn ọmọ méjèèjì, kí òun lè bẹ̀rẹ̀ ètò bí wọn yóò ṣe wá bá òun.

Ti Dúródọlá kò le. Ti Olúwatóyọ̀sí, ọmọ kékeré, kò le, nítorí Gbádéyan ló bí i. Orí ti Péjú ni ọ̀rọ̀ ti há. Ọmọ ọdún méjìlá ni Péjú, Dúródọlá sì ti bí i kó tó fẹ́ Gbádéyan.

Luqman ni bàbá Péjú, ará Ìkirè tó ń dáko kòkó lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ní Omífunfun. Karimat ni òun sọ ọmọ náà. Ìfẹ́ ló pa òun àti Dúródọlá pọ̀, ṣùgbọ́n obìnrin ò lè gbé oko, ọkùnrin ò lè fi oko sílẹ̀, bí wọ́n ṣe túká nìyẹn, láìjà láìta. Luqman a máa pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, a sì máa fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ránṣẹ́. Dúródọlá ní tirẹ̀ kò tún fẹsẹ̀ tẹ Omífunfun mọ́.

Ọkùnrin tó ń bá wọn ṣe ètò ìwé náà, Àyànlọ́wọ̀, yà sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

“Ìyá Tóyọ̀sí, bàbá ọmọ gbọ́dọ̀ buwọ́ lu ìwé kí wọ́n tó ṣe pásípọ́ọ̀tù fún un. Bàbá ti Péjú ńkọ́?”

“Ó wà lóko.”

“Ṣé yóò gbà?”

“Mi ò mọ̀.”

Ohun tó ń bà á lẹ́rù kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sọ fún àlejò. Ta ni yóò gbọ́ pé wọ́n fẹ́ gbé ọmọ òun sọdá òkun tí kò ní ní kí wọ́n dá ọmọ òun padà ná?

Àyànlọ́wọ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. “Ọ̀rọ̀ tó rọrùn ni. Ẹ jẹ́ ká ní ó ti kú. A ó lọ búra sí i ní kóòtù, gbogbo yín á sì máa jẹ́ orúkọ ọkọ yín.”

Dúródọlá kò ní rárá, kò sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí ó jẹ́ kí òun rò ó.

Péjú jókòó nítòsí, ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ. Bí ọkùnrin náà ṣe jáde, ó gbójú sókè.

“Mọ́mì, tí a bá ní bàbá mi ti kú, tí wọ́n bá wá pè mí lórí fóònù, ṣé kí n má gbé e ni?”

Kò sunkún. Ó kàn fẹ́ mọ bí òun yóò ṣe máa ṣe é ni, ìyẹn gan-an ló sì gún ìyá rẹ̀ lọ́kàn. Ní gbogbo ìṣọ́ òru ìjọ ni Dúródọlá ń kúnlẹ̀ pé kí Olúwa la ọ̀nà ìrìn àjò yìí. Ṣé èèyàn lè tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ Ọlọ́run, kó tún wá pa alààyè sórí ìwé kó tó lè gba ọ̀nà náà kọjá?

Nígbà tó di Sátidé, òun àti Péjú gun ọ̀kadà lọ sí Omífunfun. Ìdí òkìtì kòkó ni wọ́n ti bá Luqman, ó ń fọ́ ọ, omi èso náà ti bò ó dé ìgbọ̀nwọ́. Bó ṣe rí Dúródọlá, ó dìde gìrì.

“Ta ló kú?”

Kí ìyá tó la ẹnu, ọmọ ti dáhùn. “Ẹ̀yin ni wọ́n ní ká sọ pé ẹ kú o, Bàbá. A ò tíì sọ ọ́ ṣá.”

Ojú ti Dúródọlá. Ó kúnlẹ̀, ó ro gbogbo rẹ̀ láìfi kan bò, títí kan pé òun kò kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Luqman padà jókòó, ó fọ́ kòkó kan, ó tún fọ́ òmíràn.

“Ìyá Karimat, o rò pé màá gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ ni?”

“Ẹ̀rù ló bà mí.”

“Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Tó bá débẹ̀, tó dàgbà síbẹ̀, ṣé yóò tún mọ ọ̀nà oko yìí?”

Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀. “Karimat, ṣé o fẹ́ lọ?”

“Mo fẹ́ lọ, Bàbá. Ẹ ṣáà máa pè mí.”

Luqman mi orí pé òun gbà. “Orúkọ wo lẹ ó kọ síbẹ̀?”

“Karimat, àti orúkọ ilé yín,” ni Dúródọlá wí. Kò rò ó tẹ́lẹ̀ kó tó sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò yí i padà.

Nígbà tó sọ fún Gbádéyan lórí fóònù pé orúkọ ọmọ náà kò ní bá tiwọn mu, pé wọ́n lè bi wọ́n léèrè ní pápákọ̀ òfurufú, ọkùnrin náà kò bá a jiyàn. “Tí wọ́n bá bi wá, a ó dáhùn,” ló sọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ ya fọ́tò, tí wọ́n sì tẹ ìka fún pásípọ́ọ̀tù ní Àkúrẹ́, Luqman kò fi ìwé lásán rán ẹnikẹ́ni. Ó wá fúnra rẹ̀, nínú bùbá funfun tí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ dáadáa. Kí òṣìṣẹ́ tó béèrè bàbá ọmọ tán, ó ti nà ró. “Èmi rèé,” ló wí, ó sì buwọ́ lu ìwé náà.

Pásípọ́ọ̀tù jáde. Ohun kan ṣoṣo ni Luqman tọrọ, pé kí Karimat wá lo ọlidé lọ́dọ̀ òun kí wọ́n tó lọ. Dúródọlá fúnra rẹ̀ ló mú un lọ. Nígbà tó ń padà bọ̀, ọlọ́kadà bi í bóyá ó gbàgbé nǹkan ni, nítorí kò yé bojú wẹ̀yìn.

“Rárá,” ló ní. Ọlidé lásán ni, ní ibi tí òun lè fi ọ̀kadà dé kí ilẹ̀ tó ṣú, síbẹ̀ àyà rẹ̀ kò balẹ̀. Ó wá ń ro ti Luqman, tó buwọ́ lu ìwé kí ọmọ rẹ̀ lè sọdá òkun, bí ọkàn rẹ̀ ṣe gbà á. Ó fi ẹ̀gbẹ́ gèlè nu ojú, ó ní kí ọlọ́kadà rọra, ọ̀nà ò dáa.