Wọ́n Ní Mo Ti Kó Lọ sí Ìlọrin

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí àwọn ará òpópónà wa ní Kárù ṣe fẹ́ràn ara wọn tó, ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ káńsù kan wá béèrè ẹnì kan. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n. Ẹni tí wọ́n jọ jẹ àkàrà láàárọ̀ á ní òun ò rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí láyé òun. Tíkẹ́ẹ̀tì tí káńsù fi ń gbowó lọ́wọ́ wa ló sọ wá dà bẹ́ẹ̀. Ti pátákó ṣọ́ọ̀bù wà, ti ìmọ́tótó wà, ti rédíò pàápàá wà, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ wa ni ò ní rédíò. Nítorí náà, bí àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì bá ti yọ, ńṣe la máa ń bo ara wa láṣìírí.

Aránṣọ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi kéré débi pé bí oníbàárà bá wọlé, èmi á sún mọ́ ògiri. Ohun tí mi ò ní nígbà yẹn ni ẹ̀rọ wífìn, èyí tó máa ń ká etí aṣọ kó má baà tú. Bí mo bá rán aṣọ tán, màá dì í, màá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Gárkí, màá sì tò sórí ìlà lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ní tiẹ̀. Obìnrin yẹn mọ̀ pé mo nílò òun, ó sì máa ń jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n lára. Nígbà tí mo wá gbọ́ nípàdé àwa aránṣọ pé káńsù fẹ́ fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní ẹ̀rọ, eré ni mo sá dé ọ́fíìsì wọn. Mo gba fọ́ọ̀mù, mo kọ ẹ̀rọ wífìn sí i gàdàgbà. Wọ́n ní àwọn yóò wá wo ṣọ́ọ̀bù wa láìsọ ọjọ́, ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́ ló máa gbà á.

Èmi ọlọ́gbọ́n, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni ládùúgbò. Mo fẹ́ kí wọ́n kàn ṣàdédé rí ẹ̀rọ tuntun lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan tí mo lọ Gárkí lọ ká etí aṣọ ni wọ́n wá. Nígbà tí mo padà dé, Bàbá tó ń tún aago ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni Bàbá. Ó ti pẹ́ ládùúgbò wa ju ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ lọ, kò sì sí òṣìṣẹ́ káńsù kan tó mọ orúkọ rẹ̀. Ó ní kí n jókòó, òun ti gbà mí sílẹ̀ lónìí. Ó ní ọmọbìnrin kan gbé fáìlì wá, ó ń béèrè mi. Ọmọ Kábbà ni, ó kúnlẹ̀ kí òun, ó sì béèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bóyá mo ń ránṣọ níbẹ̀ lóòótọ́. Bàbá wò ó títí, ó rí i pé ọgbọ́n tuntun ni àwọn onítíkẹ́ẹ̀tì tún gbé dé. Ló bá ní mo ti kó lọ sí Ìlọrin, ó ti lé lọ́dún kan. Ìyá tó ń ta òwú lódìkejì wa sì fi kún un pé ibẹ̀ ni mo bí ìbejì sí.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Inú bí mi gan-an, àfi ìgbà tí mo rántí ìbejì yẹn tí ẹ̀rín pa mí. Nígbà tí mo sọ ohun tí ọmọbìnrin náà tìtorí rẹ̀ wá fún Bàbá, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀. Ó béèrè ìgbà tí wọn yóò pa ìwé orúkọ àwọn tó máa gba ẹ̀rọ dé. Mo ní ọ̀la ni.

Bí ilẹ̀ ti mọ́, ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó wọ aṣọ funfun tó fi ń lọ kírun Jímọ̀ọ̀, a sì jọ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ọ́fíìsì káńsù. Ọmọbìnrin onífáìlì náà dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó kí i dáadáa, ó wá béèrè bóyá èmi ni ará Ìlọrin náà.

Bàbá ò fi bọpo bọyọ̀. “Ọmọ mi, irọ́ ni mo pa fún ọ. Ó pẹ́ tí ẹ ti ń wá sí òpópónà wa, ẹ máa ń gba nǹkan lọ ni. Mi ò mọ̀ pé ẹ tún lè gbé nǹkan wá.”

Gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín, ọmọbìnrin náà pẹ̀lú rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ní òun ti kọ ọ́ sínú fáìlì pé kò sí ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ò lè pa á rẹ́. Aládùúgbò kan gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sórí ìwé, kó kọ orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ àti nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ti ìwé náà síwájú Bàbá.

Ohun kan ṣoṣo tí Bàbá fi ń yangàn ládùúgbò ni pé káńsù ò mọ òun. Mo ní kó jẹ́ ká máa lọ, màá máa lọ Gárkí mi bí mo ṣe ń lọ. Kò tilẹ̀ wojú mi. Ó béèrè lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà bóyá àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì máa rí ìwé yìí.

“Wọ́n máa rí i, Bàbá. Ilé kan náà la ti ń ṣiṣẹ́.”

Bàbá wá mi orí pé ó dáa. Ó ní kí wọ́n yá òun ní bírò tó ń yọ dáadáa, kí wọ́n lè rí i kà. Lẹ́yìn náà ló dojú kọ ìwé náà, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ ní lẹ́tà ńláńlá, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń tún aago olówó iyebíye ṣe.

Tíkẹ́ẹ̀tì Bàbá ṣáájú ẹ̀rọ mi dé. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú tíkẹ́ẹ̀tì náà wá, mo sáré jáde pé kí n bá a san án, ó ní kí n padà sídìí iṣẹ́ mi. Mo padà, mo sunkún díẹ̀ sórí aṣọ oníaṣọ, mo sì ń rán an lọ.