Ìgò Mẹ́ta Lójú Fèrèsé

Káfíńtà ni bàbá náà, Ó-gún-régé sì ni àdúgbò ń pè é. Ojú rẹ̀ kì í gba ohun tó bá wọ́. Bó bá lọ kí èèyàn nílé tó rí fọ́tò tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lára ògiri, yóò kọ́kọ́ tún un ṣe kó tó béèrè àlàáfíà ará ilé. Ìyàwó rẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí òun bá kú, ọkọ òun á ní kí wọ́n dúró ná, kí òun wọn pósí wò bóyá ó gún.

Ìyàwó náà kú lóòótọ́. Ọkọ kò rántí wọn ohunkóhun.

Obìnrin yìí ní ewéko kan tó gbìn sínú garawa lẹ́yìn ilé ìdáná. Ọ̀pá rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó ga dé ìbàdí, gbogbo ewé rẹ̀ sì kóra jọ sókè, wọ́n tàn yíká bí agboòrùn tí wọ́n ṣí. Ewéko agboòrùn ló ń pè é. Ó fẹ́ràn omi púpọ̀, ìyàwó sì ń bu omi sí i láràárọ̀. Nígbà tí kò sí mọ́, kò sẹ́ni tó rántí. Ìgbà tí àbígbẹ̀yìn wọn, tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, fi wálé fún ìsinmi, garawa ti gbẹ furufuru. Ọ̀pá mẹ́ta péré ló ṣì tutù.

Ọmọ náà mọ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń sọ ọ̀kan di púpọ̀. Ó gé orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ̀lú ọ̀pá tó gùn tó ìka kan, ó fi sísọ́ọ̀sì gé ṣóńṣó àwọn ewé wọn, ó wá dojú wọn dé sínú ìgò mẹ́ta tó bu omi sí. Ó tò wọ́n sójú fèrèsé ilé ìwẹ̀. Lọ́jọ́ tó máa padà síléèwé, ó lọ bá bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé, níbi tó ti ń fi ayùn rẹ́ pákó.

"Bàámi, mo ń lọ o, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ewéko Màámi ló wà nínú àwọn ìgò ilé ìwẹ̀ yẹn. Ẹ má jẹ́ kí omi wọn gbẹ."

"Mo ti gbọ́." Ayùn kò dúró.

"Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ?"

"Mo ní mo ti gbọ́. Sún díẹ̀, o dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ mi lójú."

Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀gbọ́n bàbá lóbìnrin ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá kí i. Obìnrin tó máa ń fi ìka nu orí tábìlì wò ni. Bàbá bá gbálẹ̀, ó nu gbogbo ilé. Nígbà tó dé ilé ìwẹ̀, ó rí ìgò mẹ́ta tí omi wọn ń yọ̀, tó ń rùn, tí ewé gígé dojú dé sínú wọn. Nǹkan funfun kan ń yọ lára wọn bí òwú. Ó ṣebí ìdin ni. Ó dà wọ́n sí garawa ìdọ̀tí, ó fọ ìgò mọ́ tónítóní. Ó tún hú ìdí ewéko tó gbẹ lẹ́yìn ilé, ó dà á mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kejì ọkọ̀ akólẹ̀ wá kó o lọ. Ẹ̀gbọ́n dé, ó yin ilé, inú bàbá sì dùn.

Lọ́jọ́ tí ọmọ dé, kò tíì bọ́ bàtà tó fi wọ ilé ìwẹ̀.

"Bàámi, ìgò mi dà?"

"Èyí tó ń rùn yẹn? Mo ti bá ẹ fọ̀ wọ́n. Wọ́n wà nílé ìdáná."

"Ewé inú wọn ńkọ́?"

"Ewé jíjẹrà yẹn? Ó tilẹ̀ ti ń yọ ìdin."

Ọmọ náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Gbòǹgbò ni, Bàámi. Ewéko Màámi ni. Mo sọ fún yín."

"Ìgbà wo?"

"Ẹ ń rẹ́ pákó."

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Bàbá rántí pé ọmọ dúró lẹ́nu ọ̀nà lóòótọ́, ó rántí ìmọ́lẹ̀ tó ní ó dí. Ọ̀rọ̀ tó bá wá gan-an ni kò rántí. Ó sáré lọ ṣí garawa ìdọ̀tí, bó tilẹ̀ mọ̀ pé ó ti ṣófo.

Ọmọ náà kò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo. Nígbà tó parí ẹ̀kọ́, ó gba iṣẹ́ sílùú mìíràn, ó kó lọ. Bó bá pè, á béèrè ara bàbá, á ní ó dàbọ̀.

Lọ́jọ́ kan, bàbá lọ tún ilẹ̀kùn ṣe nílé ìkàwé kan, ó rí ewéko agboòrùn nínú ìkòkò. Ó bẹ olùṣọ́, ó gé orí kan. Ó ki ọ̀pá bọ omi, orí lókè, bó ṣe tọ́ lójú tirẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi jẹrà. Ó padà lọ bẹ̀bẹ̀. Ìyẹn náà jẹrà. Ló bá gbé fóònù.

"Ọmọ mi, báwo ni màmá yín ṣe ń gbin ewéko yẹn?"

"Ẹ dojú ẹ̀ dé sómi."

"Kí orí wà nísàlẹ̀?"

"Orí nísàlẹ̀, Bàámi. Ẹ gé ṣóńṣó ewé ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì máa pààrọ̀ omi ẹ̀."

"Dúró, jẹ́ kí n wá nǹkan kọ ọ́ sí."

Ó tún lọ gé orí mìíràn, ó dojú rẹ̀ dé sómi. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, nǹkan funfun yọ. Bàbá mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ó jókòó tì í, kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí agboòrùn kékeré yọ láàárín rẹ̀, ó gbìn ín sínú ìkòkò, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó gbé e lé itan títí dé ilé ọmọ rẹ̀.

Ọmọ gbà á, ó fọwọ́ ra ewé náà. "Ó rẹwà, Bàámi. Ẹ ṣé."

"Ọmọ mi, má bínú."

"Mi ò bínú mọ́." Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti Màámi."

"Mo mọ̀."

Ìkòkò mẹ́sàn-án ló wà nílé bàbá báyìí. Àwọn aládùúgbò ń wá gbà lára rẹ̀ gbìn, wọ́n sì ń bi í pé ta ló kọ́ ọ. "Ìyàwó mi," ló máa ń sọ. Kì í sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.