Fìtílà Ìyàwó Télọ̀

Ìyàwó télọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ jórin-jórin ló kọ́ kó tó wọlé ọkọ. Fìtílà orí tábìlì ló máa ń ṣe: irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó tẹ̀ lọ́rùn, pẹ̀lú ìbòrí aṣọ funfun. Kò sí ọ̀ṣọ́ kankan lára rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ kò kà á sí. Á ní, "Irin ṣákálá yìí, ta ni yóò gbé e sí pálọ̀?" Àròyé náà kò dákẹ́ títí obìnrin náà fi ta irinṣẹ́ rẹ̀, tó sì kó àwọn fìtílà tó kù fún oníṣọ́ọ̀bù kan. Ó wá di ẹni tó ń bá ọkọ rán bọ́tìnì.

Lọ́dún tó kọjá, ọkọ gbé fìtílà kan tó rà ní ṣọ́ọ̀bù wọlé, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. "Wá wo iṣẹ́ ọpọlọ. Kò ní ọ̀ṣọ́ aláriwo kankan, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì tutù lójú."

"Bàbá ọmọ mi, èmi ni mo ṣe é."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ìyàwó dojú fìtílà dé, ó fi orúkọ rẹ̀ tó ti fi iná kọ sí abẹ́ ẹsẹ̀ fìtílà náà hàn án. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu ọkọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkọ dá fìtílà náà padà fún oníṣọ́ọ̀bù, ó ní iná rẹ̀ ń dun òun lójú.

Wọ́n ní ohun tó bá dun ni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, ṣùgbọ́n ẹrù rẹ̀ ni obìnrin yìí dì. Ó kó o lọ sí yàrá àwọn ọmọ, ibẹ̀ ló sì ń sùn títí dòní.