Iná Inú Yàrá Ìyá Ọmọ

Òórùn èédú àti àdí ni ó ń jí mi láàárọ̀ ní àsìkò ọyẹ́ ọdún náà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà ní Adó láyé ìgbà tí a ń fi ẹsẹ̀ lásán lọ sílé ìwé, ẹ mọ òórùn tí mo ń wí: òórùn yàrá ìyá ọmọ. Màmá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àbúrò mi ọkùnrin. Oṣù rẹ̀ kò pé, ó kéré bí ọmọ ológbò. Yèyé, ìyá bàbá mi, ti Ìgèdè wá láti wá wẹ ọmọ. Ó fi àkísà dí gbogbo ojú fèrèsé, ó gbé ìkòkò èédú tó ń jó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, ó sì kìlọ̀ fún gbogbo wa pé, "Ẹni tó bá ṣí ulẹ̀kùn yìí sílẹ̀ fún òtútù, èmi pẹ̀lú rẹ̀ ni o!"

Ta ni yóò bá Yèyé jiyàn? Ẹ̀rù ọmọ náà ń ba gbogbo ilé. "Ẹ̀mí ò láàrọ̀," ni ó máa ń wí, á sì tún da èédú sí i. Màmá mi ń ráhùn ẹ̀fọ́rí. Yèyé ní òtútù ló wọ̀ ọ́ lórí, ó tún fi kún iná.

Lọ́jọ́ kan, tíṣà wa, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í rẹ́rìn-ín, wọ kíláàsì pẹ̀lú fùkù ewúrẹ́ tí ó rà lọ́wọ́ alápatà ní Ọjà Ọba. A bú sẹ́rìn-ín. Àwa rò pé ọbẹ̀ ló fẹ́ sè fún wa! Ó ki ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ bọ ọ̀nà ọ̀fun fùkù náà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó wú títí ó fi kún ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Nígbà tó yọ ẹnu, afẹ́fẹ́ jáde fùú, ó tún di pẹlẹbẹ. "Ohun tó wà láyà yín nìyẹn," ni ó wí. Olúkúlùkù wa gbé ọwọ́ lé àyà. Lẹ́yìn náà ó tan àbẹ́là, ó fi ife dígí bò ó. Iná náà ń kéré, ó ń kéré, ó kú.

"Afẹ́fẹ́ tí iná ń jẹ náà ni àwa ń jẹ," ni tíṣà wí.

Mo rántí ìkòkò èédú Yèyé. Mo dìde, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí iná èédú àti èèyàn bá jọ wà nínú yàrá tí a dí ńkọ́?"

Ó wò mí. "Iná èédú máa ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́ kí òun gan-an tó kú. Èèyàn lè ṣáájú rẹ̀. Ta ló wà níbẹ̀?"

Mo ní màmá mi ni. Ó ní kí n máa sáré lọ.

Mo bá màmá mi ní ìdùbúlẹ̀, kò lè gbórí sókè, ọmọ náà sì ti kọ ọmú láti àárọ̀. Mo bẹ Yèyé pé kó gbé iná síta. Háà! Ó fi igbe ta. "Tíṣà yín yẹn, ọmọ mélòó ló ti bí?" Ẹkún gbọ̀n mí, ṣùgbọ́n n kò lọ. Mo gbé ife dígí bàbá mi jáde, mo tan àbẹ́là, mo bò ó níwájú rẹ̀. Ó kú. Mo ní, "Afẹ́fẹ́ tí màmá mi àti ọmọ ń mí nínú yàrá tí a dí yìí náà ni iná ń jẹ." Yèyé gba ìṣáná lọ́wọ́ mi, ó tan án fúnra rẹ̀, ó bò ó. Ó tún kú.

Yèyé fi aṣọ di ìkòkò iná náà mú, ó gbé e síta, ó fa àkísà ojú fèrèsé yọ, ó fa màmá mi jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tú aṣọ àyà rẹ̀, ó gbé ọmọ náà lé ara rẹ̀ lásán, ó fi ìró wé e mọ́ra. "Kó wá mú èmi ná, òtútù ọ̀hún!"

Kí ilẹ̀ tó ṣú, orí màmá mi ti fúyẹ́, ọmọ náà sì ké! Irú igbe tí a kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Inú mi dùn débi pé mo jó yí àgbàlá ká. Àyà Yèyé ni ọmọ náà wà títí ọyẹ́ fi lọ. Nígbà tó ń padà sí Ìgèdè, ó mú ife dígí bàbá mi lọ, kò sì dá a padà. Wọ́n ní ilé ìyá ọmọ tó bá wọ̀, àbẹ́là ló kọ́kọ́ ń tàn. Àbúrò mi ti di bàbá àgbà báyìí. Ìhanrun rẹ̀ kì í jẹ́ kí ará ilé sùn.

Èmi di nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí. Àwọn èèyàn a máa yìn mí pé mo ti gbọ́n láti kékeré. Àmọ́ ohun tí mo rántí jù ni ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tí Yèyé jókòó pẹ̀lú ọmọ láyà. Kò wò mí nígbà tó béèrè pé, "Àwọn ọmọ tèmi tó kú lọ́yẹ́ ńkọ́? Ṣé òtútù ni, àbí iná mi ni?"

N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó ti sin ọmọ rí. Mo ní, "Yèyé, mi ò mọ̀."

Òótọ́ ni mo sọ. Ó mi orí, ó sì ń fọwọ́ pa ọmọ náà lẹ́yìn jẹ́jẹ́.

Lónìí, mo mọ ohun tí èédú ń ṣe nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́. Mo ti fi kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké láìmọye. Ká ní èmi tòní ni ó bi, ǹ bá dá a lóhùn. Mo dúpẹ́ pé ọmọdé ni ó bi.