Efinrin Ẹ̀yìnkùlé

Ewé efinrin ló kọ́kọ́ mú mi fura. Ìyá mi ló gbìn ín sẹ́yìn ilé ìdáná wa ní Òdígbó, ó sì ti di igbó níbẹ̀, nítorí láti ìgbà tí ìjọba ológun ti kó sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, dé, ta ló rí ẹran tí yóò fi efinrin sè? Ọbẹ̀ wa ò ju ata àti epo lọ. Síbẹ̀, efinrin náà ń pá. Bí mo bá jí lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀ka kan á ti ṣófo. Mo ní ewúrẹ́ ni. Mo ṣọ́ ewúrẹ́ títí, mi ò rí ewúrẹ́ kankan.

Bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn. Mo máa ń gbóòórùn omi kí n tó mu ún. Bí ènìyàn bá kí mi ju bó ṣe yẹ lọ, mo máa ń wo ọwọ́ rẹ̀ wò. Àbúrò mi ọkùnrin, òun nìkan ni ìyá wa bí tẹ̀ lé mi, máa ń sọ pé iṣẹ́ aránṣọ ò yẹ mí, iṣẹ́ ọlọ́pàá ló yẹ mí. Àǹtí Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ló ń pè mí. Èmi náà á ní ẹni tí kò jalè, kí ló kàn án pẹ̀lú ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́?

Ìyá wa, tí a ń pè ní Iye bí àwa ará Ìkálẹ̀ ṣe ń pe ìyá, wọ ilé àdúrà nígbà tó lóyún àbúrò mi. Aríran kan gbọ́wọ́ lé e níkùn, ó ní wòlíì ló wà níbẹ̀. Bàbá wa kú kí ọmọ náà tó mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ aríran yìí sì ni Iye fi ń tu ara rẹ̀ nínú láti ìgbà náà. Bí ọmọ náà bá sín, wòlíì ló sín. Bó bá sọ̀rọ̀ lójú oorun, Iye á jí mi kí n wá gbọ́. Èmi ò rí nǹkan kan tó jọ wòlíì lára rẹ̀, àfi pé kò fẹ́ràn kó máa fọ abọ́.

Nínú ìjọ wa, ọtí jẹ́ èèwọ̀. A kì í mu ún, a kì í tà á, a kì í fi ṣe àlejò.

Àbúrò mi ti jáde ilé ẹ̀kọ́ girama nígbà yẹn, kò sí iṣẹ́, kò sì rí yunifásítì wọ̀. Ó wá di olóko lórí kòkó tí bàbá wa fi sílẹ̀ lọ́nà Omífúnfún. Òun àtàwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe àáró: gbogbo wọn á ro oko ẹni kan lónìí, wọ́n á ro ti ẹlòmíràn ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, títí á fi kárí. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń lọ. Bó bá dé lọ́sàn-án, ojú rẹ̀ á pọ́n, eyín rẹ̀ á tutù yọ̀yọ̀ fún efinrin, á máa rẹ́rìn-ín ohun tí kò pani lẹ́rìn-ín, á sì sùn di ọjọ́ kejì.

“Kí ló dé tí ojú ẹ fi pọ́n báyìí?” ni mo bi í.

“Oòrùn oko ni, Àǹtí mi.”

“Oòrùn náà ló ń jẹ efinrin?”

Iye á dá sí i láti inú yàrá. “Fi ọma mi lọ́rùn sílẹ̀ o! Ọma tó ń ṣiṣẹ́ kó lè bọ́ wa.”

Mo kọ́kọ́ fura sí obìnrin. Lẹ́yìn náà mo fura sí igbó mímu, mo sì tú gbogbo àpò ṣòkòtò rẹ̀. Iyanrìn àti hóró kòkó gbígbẹ ni mo bá níbẹ̀. Mo wá gbé ìfura mi lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó máa ń wá pè é lọ sóko. Ọmọ náà á dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi nínú erùpẹ̀, bẹ́ẹ̀ mi ò fi bẹ́ẹ̀ jù ú lọ. Mi ò fẹ́ràn ìkíni rẹ̀ yẹn rárá.

Lọ́sẹ̀ kan, wòlíì ìjọ ní kí àbúrò mi gba ààwẹ̀ gbígbẹ ọlọ́jọ́ mẹ́ta, kí ojú ẹ̀mí rẹ̀ lè là. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni a ó já a pẹ̀lú ìsìn. Àmọ́ àáró bọ́ sí ọjọ́ náà, a kì í sì í jẹ àáró ẹlòmíràn ká wá jókòó sílé nígbà tó bá kan tiwa láti san án. Ó lọ sóko pẹ̀lú ikùn òfìfo. Mo ní kó má lọ. Iye ní Ọlọ́run á fún un lágbára.

A ti ń kọrin nígbà tó wọ ilé àdúrà dé. Ó ti wọ sùtánà funfun rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń gbẹ́sẹ̀ bí ẹni tó ń rìn nínú ẹrẹ̀. Ó dé iwájú pẹpẹ, ara rẹ̀ gbọ̀n, ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀, ó sì ṣubú yakata, ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀.

Halleluya ta! Agogo ọwọ́ ń dún. “Ẹ̀mí ti gbé e! Ẹ̀mí ti gbé e!” Wọ́n tan àbẹ́là yí i ká, wọ́n gbé tùràrí wá. Iye ń yí gbirigbiri nílẹ̀, ó ń dúpẹ́ pé ìlérí ti ṣẹ. Nínú ìjọ wa, ẹni tí ẹ̀mí bá gbé, a kì í fọwọ́ kàn án títí á fi padà bọ̀ fúnra rẹ̀. Bó bá di ọ̀la ló tó padà, a ó dúró tì í.

Mo sún mọ́ ọn. Tùràrí ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Mo gbọ́ lọ́fíńdà, mo gbọ́ efinrin. Òórùn kan tún wà lábẹ́ gbogbo wọn, mo sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Létí omi ni wọ́n ti bí Iye, ògógóró ni bàbá rẹ̀ ń sè tà, ibẹ̀ la sì ti máa ń lo ìsinmi nígbà tí a wà lọ́mọdé. Òórùn yẹn kì í kúrò nínú aṣọ wa títí a ó fi wọlé ìwé. Mo gbójú sókè, ojú èmi àti Iye sì ṣe mẹ́rin. Ó yára gbójú kúrò, ó gbé orin mìíràn, ó sì pariwo rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo rí i. Mo kàn fi pamọ́ sínú ni.

Àbúrò mi ò sọ̀rọ̀ mọ́. Ọ̀fun rẹ̀ ń hó bí omi tó há sínú gọ́tà. Ètè rẹ̀ dúdú. Mo fọwọ́ kan ọwọ́ rẹ̀, ó tutù bí omi àmù. Ẹ̀rù bà mí, irú ẹ̀rù tí kò jẹ́ kéèyàn rántí ìtìjú. Mo gbẹ́sẹ̀ kọjá àbẹ́là.

“Arábìnrin, ẹ má fọwọ́ kàn án!” ni wòlíì kígbe. “Ẹ̀mí wà lára rẹ̀!”

“Bàbá wòlíì, ẹ jọ̀ọ́, ọtí ló wà lára rẹ̀.”

Iye ló kọ́kọ́ fọhùn. “Ẹ má dá a lóhùn, Bàbá. Ó ń jowú àbúrò rẹ̀ ni. Kékeré ló ti ń jowú rẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dénú egungun. Mo fi ìbínú rẹ̀ ti èjìká ọmọ náà, mo yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èébì tú jáde lẹ́nu rẹ̀ ṣàà, òórùn ògógóró sì bo tùràrí mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún nílò aríran mọ́. Wòlíì tú ọ̀já ìdí rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló gbé ẹsẹ̀ ọmọ náà, a sì gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù tí ọmọ ìjọ kan fi ń kó kòkó.

Àwọn sójà dá wa dúró kí a tó wọ Ọ̀rẹ̀. Ọ̀kan yọjú wo ẹ̀yìn ọkọ̀, ó gbé ìbọn kọ́ èjìká.

“Wetin do am?”

“Na fever, oga,” ni Iye dáhùn. “Na fever.”

“Na drink,” ni mo wí.

Sójà náà wo Iye, ó wo èmi, bíi pé àwa méjèèjì la jí ọmọ náà gbé. Ó ní ká máa lọ.

Ní ọsibítù, ìyá àgbà kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì bi wá pé kí ló jẹ. Iye ní ààwẹ̀ ló gbà. Mo ní ó gbààwẹ̀, ó sì da ògógóró lé e. Nọ́ọ̀sì náà ju ìwé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Ẹ̀yin ìyá yìí, ẹ sọ òótọ́ fún mi o! Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ṣúgà ti tán lára ọmọ yìí.” Iye wolẹ̀. Ọsibítù ìjọba ò ní ju bẹ́ẹ̀dì lọ nígbà yẹn, èmi ni mo sáré lọ ra dírípù ní kẹ́mísì oríta, mo ń sunkún, mo ń sáré.

Níwájú ọsibítù ni ọ̀rẹ́ àbúrò mi yẹn ti bá mi. Ó tún dọ̀bálẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò dìde.

“Àǹtí, ẹ ṣàánú mi. A ò mọ̀ pé á dà báyìí.”

Ó wá tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó ni oko ló ń gún iyán tàbí se ìrẹsì fún àwọn tó wá ṣe àáró. Sáàpù dé, oúnjẹ ò ṣeé sè fún ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ́, olóko wá ń gbé kẹ́ẹ̀gì ògógóró kalẹ̀ dípò rẹ̀. Àwọn ọmọ fi ṣeré: ẹni tó bá kẹ́yìn dé òpin poro á gbé ife kan mì lẹ́ẹ̀kan náà, kò gbọ́dọ̀ mí sí i.

“Òun ló ń kẹ́yìn lónìí, Àǹtí. Gbogbo poro.”

“Ẹ ò bi í pé kí ló ṣe é?”

“A rò pé ọ̀lẹ ni.”

Kò sọ fún wọn pé òun ń gbààwẹ̀, kí wọ́n má baà fi wòlíì ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ronú sí i títí. Àwọn àgbà wa tó ń mu ẹmu ní gbangba, wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á jẹ ẹran ìgbẹ́ sí i, wọ́n á tún mọ ọ̀nà ilé. Ẹni tó ń jí i mu kì í mu, ńṣe ló ń gbé e mì. Ọmọ ogún ọdún kò sì tíì mọ ibi tí ara rẹ̀ pin sí.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ló tó mọ̀ mí dáadáa. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni, “Ṣé Iye gbọ́?” Mo ní wọ́n gbọ́. Ó fa aṣọ bojú.

Kò di wòlíì. Káfíńtà ni ní Ọ̀rẹ̀, kò sì tún fẹnu kan ọtí, kódà ẹmu ìdáná ọmọ rẹ̀ ló ní kí n bá òun gbà. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan pé ta ló kọ́ ọ ní efinrin jíjẹ. Ó rẹ́rìn-ín. “Àǹtí Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ẹ lọ wádìí ẹ.”

Iye ti darúgbó kí n tó rí ẹnu bi í. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ilé ìdáná, ó ń já efinrin sínú abọ́ fún ọbẹ̀ alẹ́.

“Iye, ta ló kọ́ ọmọ yín ní efinrin?”

Ó já ewé díẹ̀ sí i. “Bí a bá tọ́ ọtí tí Aba mi ń sè wò létí omi, efinrin la fi ń pa òórùn rẹ̀ lẹ́nu. Èmi ni mo sọ fún un, kí àwọn ará ìjọ má baà gbọ́ ọ.”

“Ẹ wá mọ̀ lọ́jọ́ yẹn?”

“Mo gbóòórùn rẹ̀ kó tó ṣubú.” Kò wo ojú mi. “Mo ní á sùn, á jí.”

Inú bí mi, àánú rẹ̀ sì ṣe mí, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù. “Bí kò bá jí ńkọ́, Iye?”

Ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ sínú abọ́, ó dìde.

“Ọma mi, wọn ì bá ní ẹ̀mí ló gbé e lọ.”