Kòkòrò Dúdú àti Kòkòrò Funfun Inú Ilé Ọ̀rá

Àǹtí Eléèpẹ̀ la máa ń pè é, torí kò sígbà tí eèpẹ̀ kì í sí lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi tọ́jú èhù tòmátì nínú ilé ọ̀rá, ilé tí wọ́n fi ọ̀rá bò fún ọ̀gbìn, tí èmi náà ti ń ṣiṣẹ́. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí òun fúnra rẹ̀ rán níléèwé, ni wọ́n wá fi ṣe ọ̀gá lé wa lórí. Níwájú wa, "ẹ" ni Àǹtí ń pè é, kí àwa òṣìṣẹ́ má baà fojú di í.

Oṣù kejì tó dé, èhù bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Ọ̀gá rí kòkòrò dúdú kan tó ń dán, ẹnu rẹ̀ bí ẹ̀mú, tó ń sáré láàárín àwọn ike tí a gbin èhù sí.

"Olè rèé! Ẹ fín in lóògùn."

Àǹtí fa èhù kan tu, ó gbọn gbòǹgbò rẹ̀ sórí bébà. Àwọn nǹkan funfun tín-ín-rín bí ìjá òwú ń sá fún ìmọ́lẹ̀.

"Àwọn wọ̀nyí ló ń jẹ gbòǹgbò," ó ní. "Dúdú yẹn ò fẹnu kan ewé rí. Àwọn funfun yìí ló ń pa jẹ. Ẹ má pa ọdẹ fún olè."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo ẹnu eléyìí, kẹ́ ẹ tún wo tìyẹn. Èwo ló jọ ọ̀dájú?"

A fín oògùn. A gbá òkú kòkòrò dúdú kún garawa. Oògùn ò dé ìsàlẹ̀ ilẹ̀ tí àwọn funfun wà. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, èhù ilé ọ̀rá mẹ́rin ti rọ tán, wọ́n dojú bolẹ̀.

Oníléeṣẹ́ fúnra rẹ̀ dé. "Ta ló ń bójú tó eèpẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni," ọ̀gá dáhùn, kò wojú ẹnikẹ́ni. "Mo kìlọ̀ fún wọn títí."

Èmi tí ọ̀rọ̀ ṣojú mi dákẹ́. Mi ò fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Àǹtí gbọn eèpẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ dànù. "Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló kó sẹ́nu," ó sọ fún ara rẹ̀, ó sì jáde, kò padà síbi iṣẹ́ mọ́.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá ṣàlàyé fún oníléeṣẹ́ pé funfun ni ọ̀tá, dúdú ni ọdẹ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn kan ni Àǹtí ń nù báyìí. Mo lọ kí i. Ó béèrè àwọn ọmọ mi, ó dárúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan. Bí mo ṣe sún mọ́ ọn láti tọrọ àforíjì, ó nawọ́ dá mi dúró.

"Dúró síbẹ̀ yẹn. Ilẹ̀ ò tíì gbẹ."