Apá Ni ti Àbúrò

Àyọ̀ká, ọmọ Ìwó Olódò Ọbà, ọmọ atẹ́ní gbọlá, ọmọ atẹ́ẹ́ká gbọrẹ. Àyọ̀ká ọmọ odídẹrẹ́, ọmọ àfáà tí í fi kéwú jí aládùúgbò kí ilẹ̀ tó mọ́. Àyọ̀ká adúmáadán, eléyinjú ẹgẹ́, abìrìn ẹ̀yẹ.

Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ wà lẹ́nu mi. Orúkọ gbogbo ẹni tó bá wa jókòó yí àwo kan náà ká wà lẹ́nu mi, òkú àti alààyè, títí dé orúkọ ọkùnrin tó máa ń bá wa pa adìyẹ. N kò ní kọ ọ̀kankan sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kò yẹ kí a fi orúkọ ẹnikẹ́ni sí i. Oríkì àbúrò mi nìkan ni mo kọ, torí òun ni mo fi ń pè é nígbà tí mo bá fẹ́ kó gbọ́ràn.

Nílé bàbá wa, bí a bá pa adìyẹ, a kì í wo ẹni tí ebi ń pa. Iwe ni ti bàbá. Ẹ̀yìn ni ti ìyá wa. Itan ni tèmi, torí èmi ni àgbà ọmọ. Apá ni ti Àyọ̀ká, torí òun ló kéré jù. Èmi ni wọ́n sì máa ń ní kí n pín in. Bí mo bá ju apá sínú àwo rẹ̀, màá ní, "Gbà, kí o fi fò." Kí ni ń bẹ lára apá adìyẹ ìbílẹ̀? Awọ àti eegun. Á jẹ awọ, á fọ́ eegun, á fa mùdùnmúdùn inú rẹ̀, á wá máa wo itan tó wà lọ́wọ́ mi. N kì í yára jẹ ẹ́.

A dàgbà, a lọ ilé ọkọ, àwọn ọkọ kú. Àwa méjèèjì padà sí agbo ilé bàbá wa, yàrá kan, bẹ́ẹ̀dì méjì. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá a fà á bọ̀ tipẹ́, ọkàn rẹ̀ náà sì ti ń rẹ̀. Dókítà ní kó sá fún iyọ̀, kó sá fún ọ̀rá. Èmi ka ìwé mẹ́fà, òun ò kọjá ilé kéwú, nítorí náà èmi ni wọ́n kó káàdì ilé ìwòsàn fún. Èmi ni mò ń sebẹ̀, èmi ni mò ń ka ara páálí oògùn. Òun nìkan ló kù láyé tó ṣì rántí ohùn ìyá wa. N kò fẹ́ kó kú. Mo ń sọ èyí kí ẹ tó gbọ́ ìyókù.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn ló gbé apá adìyẹ wọlé lọ́jọ́ Iléyá. Inú ọ̀rá náílọ́ọ̀nù ló wà, ó dì bí òkúta, wọ́n ti fi èròjà bábékíù pa á lára láti ibi tí wọ́n ti ṣe é, pupa rẹ́súrẹ́sú. Kí èèyàn kàn gbé e sórí èédú ló kù. Nígbà tí iná mú un, òórùn rẹ̀ gba gbogbo agbo ilé.

Àyọ̀ká gbé ẹyọ kan sókè, ó yí i síwá sẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé apá náà nìyí?"

"Apá ni."

"Apá tí ẹ máa ń jù sí mi bíi pé ẹ ń ju eegun sájá?"

"Ọwọ́ rẹ ni mo máa ń jù ú sí. Ìwọ lo máa ń jẹ́ kó bọ́."

"Wọ́n ti ń gbé e wá látìlú òkèèrè báyìí. Itan yín dà?"

Ó jẹ mẹ́rin. Ó lá ìka, ó lá àtẹ́lẹwọ́. N kò fọwọ́ kan ọ̀kankan.

Mo lọ mú ọ̀rá náà nínú ìdọ̀tí, mo wọ awò ojú mi. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí, lẹ́tà wẹ́wẹ́ bí ẹyin èèrà. Mo ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rí purotéènì, èyí tó ń tún ara ṣe. Ìyẹn pọ̀ díẹ̀, nítorí náà mo fò ó. Mo ka ọ̀rá. Mo ka ṣúgà. Nígbà tí mo dé ibi iyọ̀, mo gbé ohùn sókè. Ojú ọmọ rẹ̀ ni, ojú àwọn tó wá kí wa kú ọdún ni, bíi pé kọ́ọ̀tù ń ka ẹ̀sùn.

"Iyọ̀ inú ẹyọ kan nìyí. O jẹ mẹ́rin. Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbẹ́ kan bá rọ lára rẹ, tí o ń tọ̀ sára, ta lo ní lọ́kàn tí yóò máa fọ̀ ọ́?"

Ọmọ rẹ̀ dorí kodò. Àyọ̀ká nu ẹnu.

Mo fọ ọ̀rá náà, mo sá a sórí okùn. Nígbà tó gbẹ, mo fi ìṣó kàn án mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà mọ́ṣáláṣí, ọ̀gangan ibi tí ojú rẹ̀ ń kọ sí tó bá dùbúlẹ̀. Kò lè kà á. Mo mọ̀ pé kò lè kà á.

Nígbà tó pẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹyọ kan péré."

"Wo ògiri."

"Mo ti wò ó."

"Kí ló wí?"

"Ó ní ẹ̀gbọ́n mi, ahun ni."

Obìnrin tó ń ta gààrí lẹ́nu ọ̀nà wa gbọ́, ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló dùn mí. Lọ́jọ́ kejì mo ra ẹyọ kan, mo bó awọ rẹ̀ kanlẹ̀, mo fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta títí ó fi funfun báláú. Mo gbé e síwájú rẹ̀.

Ó wò ó títí. "Ẹ ti wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta," ó ní. "Ó ku kí ẹ fi aṣọ funfun dì í, ká kírun sí i lára."

Obìnrin onígààrí náà rẹ́rìn-ín débi pé ó jókòó sílẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo gbé àwo náà kúrò níwájú Àyọ̀ká, mo dà á fún ológbò.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ wá ń wú. Bí mo bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ á jìn, kì í sì tètè padà. Mo ní ẹnì kan ń bá a gbé apá wọlé ní kọ̀rọ̀. Mo gbọ́n ìrọ̀rí rẹ̀ yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ń gbóòórùn rẹ̀. Ó jẹ́ kí n gbóòórùn rẹ̀. Nígbà tí mímí ń nira fún un, mo tú ọ̀rá yẹn kúrò lára ògiri, mo ká a sínú báàgì, mo gbé àbúrò mi lọ sílé ìwòsàn, kí wọ́n lè rí ohun tó ń pa á.

Nọ́ọ̀sì tó kúnlẹ̀ kí wa kò dàgbà ju ọmọ-ọmọ mi lọ. Ó gba ọ̀rá náà, ó kà á.

"Ta ló ń ka èyí fún wọn, mà?"

"Èmi ni."

"Apá mẹ́rin ni wọ́n ṣírò síbí o, mà. Kì í ṣe ẹyọ kan." Ó fi bírò tọ́ka sí ìlà kan lókè, èyí tí n kò kà. "Ìgbà wo ni wọ́n jẹ ẹ́ kẹ́yìn?"

"Iléyá."

"Iléyá tí ó ti lé lóṣù mẹ́fà? Kì í ṣe ìyẹn ló mú ẹsẹ̀ wú lónìí. Ọbẹ̀ ńkọ́? Kí lẹ fi ń sè é?"

Mo sọ fún un. N kì í fi iyọ̀ sí i, ẹyọ wóró kan kò wọ ìkòkò mi. Irú ni mò ń lò, èyí tí obìnrin kan ará ìlú Olúpọ̀nnà ń tà, tó máa ń da iyọ̀ sí kó má baà bàjẹ́. Ẹja gbígbẹ oníyọ̀. Àti èròjà amọ́bẹ̀dùn onígun mẹ́rin yẹn, méjì nínú ìkòkò kan, mẹ́ta bí kò bá sí ẹran. Adùn kúkú ní láti tibì kan wá.

Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Kò yára kọ ọ́. "Iyọ̀ ni gbogbo ìyẹn, mà," ó ní. "Ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń jẹ ẹ́."

Orí bẹ́ẹ̀dì ni Àyọ̀ká ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rín ín títí ó fi di ikọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ka ìkòkò yín sí mi létí."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án la lò níbẹ̀. Wọ́n fa omi kúrò lára rẹ̀, omi tún padà. Ó ní ká gbé òun lọ sílé. Nígbà tí a délé, ìṣó ọ̀rá náà nìkan ló kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ọ̀nà yunifásítì, níbi tí wọ́n ti ń sun apá bábékíù fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mo ra mẹ́rin. Mo gbé e mọ́yà bọ̀ wálé kó má baà tutù. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì náà rẹlẹ̀, mo ní torí ìyẹn ni.

"Àyọ̀ká, gbà."

"Kí ni?"

"Apá ni. N kò fọ̀ ọ́."

Ó gbà á, ó gbé e súnmọ́ imú. Ó wò mí.

"Ẹ̀yin lẹ ti ń pín in láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ẹ jẹ́ kí n pín in lẹ́ẹ̀kan." Ó fi í sí mi lọ́wọ́. "Ẹ gbà, kí ẹ fi fò."

"Mo bẹ̀ ọ́, jẹ ẹ́."

"Ẹ jẹ ẹ́ lójú mi. Ẹ má yára."

Mo jẹ ẹ́. Mo jẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Awọ rẹ̀ rọ̀, ọ̀rá rẹ̀ yọ́ lẹ́nu mi, iyọ̀ àti ṣúgà rẹ̀ dà pọ̀ lórí ahọ́n. N kò jẹ irú rẹ̀ rí. Ó ní kí n fọ́ eegun, mo fọ́ ọ. Ó ń wo ẹnu mi.

"Ó dùn, àbí kò dùn?"

"Ó dùn."

"Ẹn-ẹn," ó ní. Ó kọjú sí ògiri níbi tí ìṣó wà.

Ó kú lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Èmi àti obìnrin onígààrí la wẹ̀ ẹ́, lẹ́ẹ̀mẹta. A sin ín lọ́jọ́ náà, Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, sí ẹ̀yìn ilé bàbá wa ní Ìwó.